Àjọ, alájẹṣẹ́kù tàbí adójútòfò: èwo ló yẹ kó gbówó àìsàn nílé yín?

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Òwú, síìpù àti bọ́tìnì ni mo ń tà, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìpàdé, èmi ni mo máa ń bá àwọn ìyá wa kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Ìlà kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà tó ń béèrè pé, kí lẹ fẹ́ fowó yìí ṣe? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà, mo rò pé "ọjà" ni màá máa kọ síbẹ̀ jù. Owó ilé ìwé ni mò ń kọ jù, ọsibítù ló sì tẹ̀ lé e. Ọsibítù ìyá mi. Iṣẹ́ abẹ ọkọ mi. "Ẹ ṣáà kọ àìsàn síbẹ̀, ìyá akọ̀wé."

Bí ẹnì kan bá wá bi mí pé nínú àjọ, èsúsú, alájẹṣẹ́kù àti adójútòfò ìlera, èwo ló dára jù, mi ò ní dárúkọ ọ̀kan fún un lójú ẹsẹ̀. Màá kọ́kọ́ bi í pé irú àìsàn wo ló ń gbówó nílé rẹ̀. Torí owó àìsàn kì í ṣe oríṣi kan. Owó kéékèèké wà: ibà, ikọ́, inú rírun, ohun tó ń gbé wa lọ sí kẹ́místì. Owó tí a mọ ọjọ́ rẹ̀ wà: oyún, ìbímọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá ń lò lóṣooṣù. Owó òjijì náà wà: ìjàǹbá ọkọ̀, iṣẹ́ abẹ, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀ lóru. Àpò tó bá ọ̀kan mu lè máà bá èkejì mu rárá, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń rí i tí àwọn ènìyàn rere, tí wọn kì í náwó ní ìnákúnàá, ti ń ko gbèsè.

Kì í sì ṣe ìwà wa nìkan ló fà á. Ní Nàìjíríà, nínú gbogbo ₦100 tí a ń ná sórí ìlera, ó ju ₦70 lọ tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde, níwájú kàǹtà, lọ́jọ́ tí ara kò yá. Lọ́dún 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé l'Ábújá, wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò máa ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná sọ́tọ̀ fún ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ lọ́jà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ GSK, àwọn tó ń ṣe Augmentin àti Ventolin, kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní ọmọ tí ikọ́ fée ń dà láàmú mọ ohun tí oṣù Kẹjọ yẹn ṣe fún un.

Àjọ àti èsúsú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pè wọ́n pọ̀. Àjọ ni ti alájọ tó ń yí ká lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì àti bíírò. Bí ẹ bá ń dá ₦500 lójúmọ́, nínú oṣù tó ní ọjọ́ 31, owó yín di ₦15,500. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan, á kó ₦15,000 fún yín. Lọ́dún kan, ₦182,500 lẹ dá, ₦6,000 ló lọ fún un. Èsúsú ní tiẹ̀, ẹ̀yin mẹ́wàá tàbí méjìlá lẹ jọ ń dá a, tí ẹnì kan ń kó gbogbo rẹ̀ lóṣù títí yóò fi kárí. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí kí ẹ san owó ṣọ́ọ̀bù, èsúsú ni. Ní ti àìsàn, àjọ dára jù ú lọ lọ́nà jíjìn, ojú mi ló sì rí i.

Ọmọ mi kejì kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ìrọ̀lẹ́, a ti fún un ní paracetamol, a ti fi aṣọ tútù nù ún lára. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ pàdé, ọwọ́ rẹ̀ le gbagidi. Gìrì. A gbé e dé ọsibítù aládàáni tó sún mọ́ wa jù. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wo ọmọ, ó wo wá, ó ní ₦60,000 ni owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Mo lówó o! ₦25,000 ni mò ń dá sínú èsúsú lóṣù, oṣù kẹjọ la wà, ₦200,000 mi wà níta lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ni wọ́n pín fún mi. Owó tó wà lọ́wọ́ wa kò ju ₦19,000 lọ. Ọkọ mi bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gba fóònù mi, ó kó méjèèjì sórí kàǹtà. Mo ṣì ń gbọ́ ìró tí irin aago yẹn dún lórí gíláàsì. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé ọmọ wọlé. Ó ti wà ní ilé ìwé girama báyìí, a dúpẹ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ lóru ọjọ́ yẹn ni pé òfin wà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 owó ìtanràn, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà, òun kọ́ ló dá owó náà. Ẹ ní kí wọ́n pe dókítà, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ya káàdì àjọ kan sọ́tọ̀ fún àìsàn nìkan. Kò da pọ̀ mọ́ ti ọjà. Alájọ mi mọ̀ pé bí mo bá pè é lóru, owó yẹn ni mò ń béèrè. Mo mọ ilé rẹ̀, mo mọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀, ẹ má fi owó àìsàn lé e lọ́wọ́, torí àjọ kò ní ìwé kankan lẹ́yìn àyàfi káàdì. Bó bá sì jẹ́ pé èsúsú nìkan lẹ ní, ẹ béèrè ní ìpàdé àkọ́kọ́ bóyá ẹni tí àìsàn bá dé bá lè ṣe pàṣípààrọ̀ oṣù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ ayọ̀ la máa ń rọrùn fún ara wa. Lọ́jọ́ ìṣòro, oníkálukú ti ná owó rẹ̀ lọ́kàn.

Alájẹṣẹ́kù àti owó èlé

Mo mọ̀ pé ibi iṣẹ́ mi nìyí, ṣùgbọ́n màá sọ àléébù rẹ̀ náà.

Ẹ wo ẹni méjì tí àìsàn kan náà fẹ́ gba ₦200,000 lọ́wọ́ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ yá a nínú ẹgbẹ́ wa. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún là ń gbà lórí ẹ̀yáwó látòkèdélẹ̀, ìyẹn ₦20,000, yóò sì san gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù 12, ₦18,300 àti díẹ̀ lóṣù. Èlé náà sì ń padà sọ́dọ̀ wa nígbà tí a bá pín èrè ọdún. Ẹnì kejì lọ bá olówó èlé tó ń gba ìdá 10 lóṣù. ₦20,000 ni yóò máa san lóṣooṣù láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan yọ nínú owó orí. Lóṣù kẹfà, ó ti san ₦120,000, ₦200,000 ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀yáwó ti orí fóònù tún burú jùyẹn lọ, nítorí wọn kì í fúnni ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, bí ọjọ́ bá sì yẹ̀, àwọn kan nínú wọn á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù yín pé olè ni yín. Obìnrin kan sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi nítorí èyí, ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.

Àléébù alájẹṣẹ́kù ni pé kò yára. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó fẹ́ yá gbọ́dọ̀ ti fi owó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, ìlọ́po méjì ohun tó ní là ń yá a, onígbọ̀wọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ sì ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó dára gan-an fún iṣẹ́ abẹ tí dókítà ti dá ọjọ́ sí, bíi ti ìpákè tàbí ti iju inú ilé ọmọ (fibroid). Kò wúlò fún gìrì. Ọdún mẹ́ta la fi jiyàn lórí èyí kí a tó gbà láti máa yọ ₦500 lóṣù lọ́wọ́ oníkálukú sínú àpótí pàjáwìrì, tí alága àti akápò lè fún ènìyàn ní ₦50,000 nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà láìpe ìpàdé. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ kankan, ẹ gbé e wá síwájú ilé.

Adójútòfò ti ìjọba

Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe òfin àkọ́kọ́, 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì jẹ ẹ́ jù. Ọlọ́jà, télọ̀, awakọ̀, wọn kò rántí wa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó dá NHIA sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, tó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn: Èkó ní Ìlera Èkó lábẹ́ LASHMA, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ náà, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA tirẹ̀, Oǹdó ní Abíyamọ fún aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Gómìnà Sanwo-Olu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ọ́ di dandan l'Ékòó.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí a sì rẹ́rìn-ín, torí a mọ bí nǹkan ìjọba ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ₦40,000 sì ni ti ìdílé ènìyàn mẹ́fà. ₦40,000 tí a bá pín in sí ọjọ́ 365, kò pé ₦110 lójúmọ́ fún gbogbo ilé. Owó máa ń yí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀, ẹ béèrè ti òní. Kódà bó bá di ìlọ́po méjì, kò tíì ju owó píọ̀ wọ́tà tí mò ń mu lọ́jà láti àárọ̀ dalẹ́. Fún ilé tó ní ọmọ kéékèèké tàbí ìyàwó tó ṣì ń bímọ, mi ò rí ohun tó sàn jù ú lọ, mo sì ti wò ó yíká.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bí owó ṣe ń rìn lẹ́yìn. Ilé ìwòsàn tí ẹ bá yàn ni wọ́n ń san iye kan fún lórí yín lóṣooṣù, ẹ ṣàìsàn, ẹ ò ṣàìsàn. Nínú ètò ìjọba àpapọ̀, ₦750 lorí ẹnì kan ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí NHIA fi sọ ọ́ di ₦1,450 lọ́dún 2025. Ẹ ro ₦750 lóṣù wò, kí ẹ tó bínú pé wọ́n ní oògùn ti tán, ẹ lọ rà á níta. Ilé ìwòsàn tí ènìyàn rẹpẹtẹ forúkọ sí lè fi owó ẹni tí kò ṣàìsàn tọ́jú ẹni tó ń ṣàìsàn. Èyí tí ènìyàn 30 péré forúkọ sí kò lè ṣe é. Nítorí náà, ẹ má yan ilé ìwòsàn nítorí pé ó sún mọ́ ilé nìkan. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá àwọn tó mú káàdì adójútòfò wá lóhùn. Ẹ bi àwọn tó wà lórí ìjókòó pé ṣé wọ́n ń rí oògùn gbà. Wákàtí kan péré ni, ó sì ju gbogbo ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lọ.

Bí àìsàn bá kọjá agbára ilé ìwòsàn yẹn, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ sí èyí tó tóbi jù, ibẹ̀ kò sì ní fọwọ́ kàn yín lórí owó adójútòfò àyàfi tí kóòdù àṣẹ bá dé, ìyẹn nọ́ńbà tí adójútòfò fi ń gbà pé òun yóò san owó náà. Kóòdù yìí ló máa ń dá ènìyàn dúró. Láti ọdún 2025 ni NHIA ti pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, ẹ pè é lápètúnpè.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọjọ́ tí káàdì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí nínú ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ sanwó. Aláboyún oṣù mẹ́jọ tó ń sáré forúkọ sílẹ̀ lè bímọ kí káàdì tó jí. Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ ìbímọ wà nínú rẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n á ṣe àyẹ̀wò fọ́tò inú, àti iye tí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi kún owó oògùn. Nínú ètò ìjọba àpapọ̀, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ béèrè ta ni "ìdílé" lójú wọn. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ti ìjọba àpapọ̀. Ìyá yín kò sí níbẹ̀.

Adójútòfò ti aládàáni, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá ń san án fún yín, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ilé ìwòsàn tí ẹ lè lọ pọ̀, ìtọ́jú sì máa ń yá. Bó bá jẹ́ àpò ara yín ni, ẹ wá ìlà mẹ́ta nínú ìwé wọn: iye tó ga jù tí wọ́n lè ná lórí yín lọ́dún, oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi dúró kí wọ́n tó sanwó ìbímọ, àti ọjọ́ orí tí wọn kì í gbà mọ́. Èyí tó kéré jù lówó nínú tiwọn kò sàn ju ti ìjọba lọ lójú tèmi, ó sì wọ́n jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tò wọ́n síbi kan fún ẹni tó fẹ́ yàn lónìí:

| | Bó ṣe yá sí | Ohun tó bá mu | Ibi tó ti ń jáni kulẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Àjọ | Wákàtí díẹ̀ | Oògùn ìta, ọkọ̀, owó àsansílẹ̀ | Kò lè tó iṣẹ́ abẹ. Alájọ lè sá |
| Èsúsú | Ìgbà tó bá kàn yín | Ọjà, kì í ṣe àìsàn | Àìsàn kì í dúró de oṣù yín |
| Alájẹṣẹ́kù | Ọ̀sẹ̀ sí oṣù | Iṣẹ́ abẹ tó ní ọjọ́ | Lóru kò sí nílé |
| Adójútòfò ìjọba | Lójú ẹsẹ̀, níbi tí ẹ yàn | Ibà, oyún, ọmọdé, iṣẹ́ abẹ ìbímọ (ẹ kọ́kọ́ béèrè) | Ilé ìwòsàn tí kò dára, kóòdù, òbí |

Ti àwọn òbí wa

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ta àdìrẹ, yáwó lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan nítorí ìyá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó da ọ̀rá kan sórí tábìlì mi. Páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nínú rẹ̀, àwọn tí ìyá náà ti lò tán. Ó ti fi bíírò kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. A tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Láàárín páálí kan àti èkejì, àlàfo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà, lẹ́yìn náà oṣù kan, lẹ́yìn náà oṣù kan àti ààbọ̀. Ìyá ń dá oògùn dúró nígbàkígbà tí owó kò bá sí, kò sì sọ fún ọmọ rẹ̀ torí kò fẹ́ ni ín lára. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àlàfo tó kẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ dé. Obìnrin náà fi ìka kan àyè tó ṣófo láàárín páálí méjì náà, kò sọ nǹkan kan.

Oògùn oṣooṣù yẹn ni owó tó rọrùn jù lọ nínú gbogbo owó àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú a máa ba kíndìnrín jẹ́. Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan, ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn wà lára wọn. Ohun rere ni, kí Ọlọ́run bá wa fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ẹni tó ń fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yóò san ₦96,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láìka owó ọkọ̀. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ẹ ń fi owó ńlá ránṣẹ́ nígbà tí fóònù bá dún lóru, ẹ sì ń ṣe dáadáa. Bí ìyá bá ṣì wà lábẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà, ẹ ra adójútòfò fún un lónìí, kó má di pé ó ti kọjá. Bó bá ti kọjá, ẹ wá kẹ́místì kan tó ní apoògùn tó gbàwé àṣẹ ládùúgbò rẹ̀, kí ẹ máa sanwó oògùn rẹ̀ tààrà sí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí wọ́n sì máa ya fọ́tò páálí fún yín. Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ìyá fún oògùn, ìyá lè fi ra ìrẹsì fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, kí ó sì sọ pé òun ti lo oògùn.

Bí ẹ bá ní ₦1,000 lójúmọ́ fún gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo ń ṣe ni èyí: mo kọ́kọ́ san adójútòfò ọdún, mo sì ń san án lóṣù Kejìlá kí owó ilé ìwé tó dé. Oògùn ìyá mi tẹ̀ lé e, mi ò fi dúró de ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni ₦500 àjọ àìsàn, títí káàdì yẹn yóò fi tó ₦150,000; nígbà tó bá ti tó bẹ́ẹ̀, mo ń darí ₦500 náà sínú alájẹṣẹ́kù. Èsúsú mi ṣì wà, ṣùgbọ́n ọjà ni mo ń fi í rà.

Obìnrin aládìrẹ yẹn ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ 27 oṣooṣù báyìí pẹ̀lú ọ̀rá náà. Ìyá rẹ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn. A máa ń to àwọn páálí sórí tábìlì, a máa ń ka ọjọ́, ó sì ti tó oṣù mẹ́jọ tí àlàfo kò ti sí níbẹ̀.